Orúkọ Tó Wà Lẹ́yìn Ìpolówó

Láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni mo ti mọ̀ pé ìyá mi àti ọ̀rẹ́ wọn kan ní àdéhùn. Ẹni tó bá kẹ́yìn láyé nínú àwọn méjèèjì ni yóò wẹ òkú ẹni tó bá ṣáájú. Wọn kì í sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹkún. Bí wọ́n bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, tí ọ̀kan ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, tí èkejì ń ṣa bọ́tìnì sínú agolo, ọ̀rọ̀ náà á kàn jáde láàárín ẹjọ́ mìíràn.

"Bí o bá bu omi tútù sí mi lára, màá dìde jókòó ni o."

"Dìde kẹ̀! Màá tún ẹ tẹ́ padà."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn. Èmi tí mo wà lábẹ́ tábìlì, tí mò ń ṣa abẹ́rẹ́ tó já bọ́, mo rò pé bí gbogbo àgbà ṣe ń ṣeré nìyẹn.

Aránṣọ ni ìyá mi, ní Ọ̀fà níbí. Ọ̀rẹ́ wọn ló ń ta bọ́tìnì, òwú àti síìpù fún gbogbo aránṣọ àdúgbò, nítorí náà Ìyá Bọ́tìnì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n pọ̀n mí. Mo jẹ oúnjẹ wọn, mo jẹ ìgbátí wọn, ilé wọn la sì sùn sí nígbà tí ìjì ká òrùlé wa lọ. Ẹ wá bi mí léèrè orúkọ wọn gan-an, mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ wo ló ń béèrè orúkọ àgbà? Bí mo bá dán an wò, ata ni ìyá mi ì bá fi sí mi lẹ́nu.

Nígbà tí orókún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu, Ìyá Bọ́tìnì pín ọjà wọn fún àwọn oníbàárà, wọ́n sì padà sí Ojoku, níbi tí wọ́n bí wọn sí. Kò jìnnà. Ọ̀kadà á gbé èèyàn débẹ̀ kí iṣu tó jinná lórí iná. Ìyá mi a máa lọ wò wọ́n lọ́jọ́ ọjà Ojoku. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kó lọ, ìyá mi gé aṣọ funfun ìsìnkú méjì, tiwọn àti ti ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ti ọ̀rẹ́ mi ló gùn," wọ́n wí fún mi. "Ó ga jù mí lọ. Má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ o."

Èmi ọmọbìnrin wọn ní tèmi, kọ̀ǹpútà ni mo kọ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí ojú irin, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé, tí mo sì ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé gba fọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ ni mo ti dá ìkànnì kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìkéde ìlú. N kì í gbé òṣèlú síbẹ̀, n kì í gbé ọ̀rọ̀ àwọn eléré síbẹ̀. Ìkéde òkú ló pọ̀ jù. Ẹni tó bá mọ ilé Mùsùlùmí á mọ ìdí rẹ̀: ẹni tó bá kú láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wọlẹ̀. Ohùn tó ń ti mọ́ṣáláṣí jáde kò lè dé Ìlọrin, kí á má tiẹ̀ sọ Èkó. Ọmọ tó wà lájò ní wákàtí mélòó kan péré láti gbọ́, kí ó wọ mọ́tò, kí ó sì bá wọn kírun sí òkú lára. Ìkànnì mi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gbọ́, inú mi sì máa ń dùn bí wọ́n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú títì.

Nígbà àkọ́kọ́, ojú ewé kan ṣoṣo ni ìkéde. Orúkọ òkú lókè gàgàrà, agboolé rẹ̀, àti àkókò tí wọ́n máa sin ín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i, mo fi àwọ̀ búlúù kọ líńkì tí yóò tẹ̀, mo sì fàlà sí i nídìí. Ẹni tí kò kàwé púpọ̀ pàápàá mọ ibi tí yóò fi ìka sí. Kò sẹ́ni tó ṣìnà. Kò sì sí kọ́bọ̀ tó wọlé.

Owó dátà ń lọ sókè, bátìrì sólà mi sì dákẹ́, ni mo bá gba ìpolówó láyè. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé e wá wà lókè òkun, mi ò rí ojú wọn rí, lẹ́tà ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá tẹ ìpolówó, wọ́n á san owó díẹ̀ fún mi. Wọ́n ní àwọn èèyàn mi ń yára lọ jù. Wọ́n ń dé, wọ́n ń ka orúkọ òkú, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Wọ́n ní kí n pín ìkéde kan sí ojú ewé mẹ́ta. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí líńkì àti ìpolówó wọ àwọ̀ kan náà, kí wọ́n sì sún mọ́ra. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní pólì ni pé ẹni tó fẹ́ tẹ nǹkan gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí yóò gbé e lọ. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Mo rántí rẹ̀, mo sì ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe.

Bí mo ṣe wá ń kọ ọ́ nìyí: ALHAJA KAN JÁDE LÁYÉ. TA NI? Lábẹ́ rẹ̀ ni àpótí kékeré aláwọ̀ ewé tí mo kọ KÀ Á SÍWÁJÚ sí. Lókè àpótí yẹn àti nísàlẹ̀ rẹ̀, ìpolówó wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé bákan náà, wọ́n á kọ ṢÍ I NÍBÍ sí ọ̀kan, wọ́n á kọ TẸ̀SÍWÁJÚ sí èkejì. Orúkọ òkú di ojú ewé kejì. Àkókò ìsìnkú di ẹ̀kẹta. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo ra bátìrì. Mo ra fóònù olójú ńlá fún ìyá mi, kí ojú má baà máa ro wọ́n, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi títí tí mo fi ní ó tó.

Tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní àdúgbò wa, kọ̀wé sí mi. "Ọmọ mi, mo tẹ ìkéde òkú, oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ni mo bá níbẹ̀. Ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ló pa á ni?" Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo kà á sókè fún àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dá wọn lóhùn pé kí wọ́n máa fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ẹnu mi. Èmi tí mo da ẹ̀gún sójú ọ̀nà ni mò ń kọ́ baba ẹni ọlọ́jọ́lórí bí wọ́n ṣe ń rìn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ṣọ́ọ̀bù mi kún fún àwọn ọmọ tó ń gba fọ́ọ̀mù. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹnì kan fi ìkéde ránṣẹ́ sí ìkànnì: orúkọ Alhaja kan, orúkọ baba rẹ̀, Ojoku, wọ́n á kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun Àìlà ọ̀sán. Mo wo orúkọ náà, kò jọ ti ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀. Mo gé e sí mẹ́ta bí ẹni ń gé iṣu, Ojoku nìkan ni mo fi sí ojú ewé àkọ́kọ́, mo gbé e jáde. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní aago mọ́kànlá, ìyá mi pè mí láti ilé.

"Ẹnì kan kú ní Ojoku. Ta ni?"

"Ó wà níbẹ̀, Mummy. Ẹ tẹ KÀ Á SÍWÁJÚ."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ tà fún mi."

"Kì í ṣe ìyẹn. Ẹ padà sẹ́yìn. Ti àárín ni kẹ́ ẹ tẹ̀."

"Gbogbo wọn ló jọra, ìwọ ọmọ yìí. Ṣebí kó o kúkú kà á sí mi létí."

Ọmọ méjì dúró lé mi lórí, ọ̀kan ti fẹ́ máa sunkún torí nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé. Ojú mi ti pọ́n. Mo ní, "Mummy, Alhaja kan ni. Ẹ ò mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi." Mo sì gé fóònù mọ́ wọn létí.

Ẹ ò mọ̀ wọ́n. Títí di òní, bí mo bá rántí pé ẹnu mi ló sọ ọ́, ara mi á bù máṣọ. Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, ìyá mi kò tún béèrè. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n ní fóònù yẹn ti ń ṣe bákan, wọ́n sì padà sídìí aṣọ tí wọ́n ń rán.

Ní ọjọ́ kejì, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn nígbà tí obìnrin kan tó ń kó aṣọ wá láti Ojoku wọlé. Kò tíì sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀ tó fi kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Mummy. Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ wọn."

"Àmín," ìyá mi wí, ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lórí máṣíìnì. "Ta ni?"

Obìnrin náà wò mí, ó tún wo ìyá mi. "Ìyá Bọ́tìnì ni, Mummy. Àná la sin wọ́n. Gbogbo wa ń retí yín."

Ìyá mi kò ké. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n sì gbé e lé orí aṣọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Èmi ni mo sáré wọ inú yàrá wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ gbé fóònù wọn. Mi ò mọ ohun tí mò ń wá, ó kàn jẹ́ pé mi ò lè dúró níwájú wọn. Ojú ewé mẹ́fà ló ṣì wà ní ṣíṣí nínú fóònù náà. Ilẹ̀ nítòsí Ìbàdàn. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Ìtọ̀ ṣúgà yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọge kan tó ń wá ọkọ. Ìwé ìrìnnà sí Kánádà. Ọṣẹ tó ń mú ara dán. Orúkọ ọ̀rẹ́ wọn kò sí nínú ọ̀kankan. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, aṣọ ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìdí rẹ̀ gan-an, ó tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mẹfà, èmi ọmọ rẹ̀ ni mo sì tún ọ̀nà ṣe kí ó má baà rí ohun tó ń wá. Owó títẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tèmi ni.

A gun ọ̀kadà lọ sí Ojoku lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò tó wákàtí kan tí a fi débẹ̀, mo sì ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú ọ̀nà bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fẹ́: ká ní wọ́n rí orúkọ náà ní aago mẹ́sàn-án, wọn ì bá ti dé kí omi tó gbóná. Àkọ́bí Ìyá Bọ́tìnì, tó ti Èkó dé, dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi.

"Mummy, a retí yín títí a fi gbé wọn jáde. Fóònù wọn tí nọ́ńbà yín wà nínú rẹ̀ ti kú, mi ò rí i ṣí. Mo wá ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọmọ yín ló ni ìkànnì, tí mo bá ti fi ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ̀yin náà ni mo sọ fún yẹn."

Kò kọ ọ́ pé Ìyá Bọ́tìnì ni, torí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń kéde ìyá rẹ̀. Orúkọ tó níyì ló kọ, orúkọ inú ìwé, orúkọ Mẹ́kà. Èmi náà kò mọ orúkọ inú ìwé, torí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni mí. Àpọ́nlé ló fa tèmi àti tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi mọ orúkọ náà. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń lọ odò. Ká ní ó wà lókè gàgàrà, níbi tí mo ń kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀, ìwò kan péré ni ì bá gbà wọ́n. Nítorí náà, n kò lè di ẹrù yẹn ru ẹnikẹ́ni.

Obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ àsàlátù Ojoku ló wẹ òkú náà. Ìyá mi ní kí wọ́n bá òun pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn dé, ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Apá òsì rẹ̀," ìyá mi wí. "Ó ṣẹ́ nígbà kan rí, kì í nà tán. Ṣé ẹ rọra ṣe é?"

Obìnrin náà wo ilẹ̀. "A ò mọ̀, Mummy. A nà án."

Ìyá mi mi orí díẹ̀. "Omi ńkọ́? Ṣé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, Mummy."

"Ẹ ṣé," wọ́n wí. "Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san án fún yín." Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá sunkún, láìbo ojú, bí ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n mo lọ sun tèmi lẹ́yìn ilé, torí mi ò rò pé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i níwájú wọn.

Ìyá mi kò bú mi. Mo dúró de èébú náà títí, n kò rí i. Ẹ̀mí mi ì bá balẹ̀ díẹ̀ ká ní wọ́n pariwo. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí, wọ́n na fóònù sí mi.

"Wá fi hàn mí. Níbo ló yẹ kí n tẹ̀?"

Mo ṣí ìkànnì náà. Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti na ìka. Ìka aránṣọ ni, abẹ́rẹ́ ti gún un kò níye, orí rẹ̀ ti le. Ó lọ tààrà sórí ìpolówó. Mo dá a padà sẹ́yìn, ó tún lọ síbẹ̀. Wọn kò ṣe àṣìṣe kankan. Ibi tí mo fẹ́ kí ìka máa lọ ni ìka wọn ń lọ.

"Ó yé mi," wọ́n wí. "Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń dá ara wọn lẹ́bi.

Mo tú ìkànnì náà palẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Gbogbo ìkéde padà sí ojú ewé kan, orúkọ lókè, àkókò lábẹ́ orúkọ. Mo lé ìpolówó lọ sísàlẹ̀ pátápátá, mo yí àwọ̀ rẹ̀ padà, mo sì kọ sórí rẹ̀ pé ìpolówó ni. Mo fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí mi: kí ni àwọn ará àdúgbò máa ń pe olóògbé? Ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ báyìí. Ìyá Onírẹsì. Bàbá Alágogo. Mummy Ẹnu Géètì. Ilé-iṣẹ́ òkè òkun náà kọ lẹ́tà méjì sí mi, lẹ́yìn ìyẹn wọn ò kọ mọ́. Owó tó ń wọlé já wálẹ̀. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí, torí ìnáwó ilé kì í gbọ́ pé ènìyàn ti ronúpìwàdà. Tísà wa kọ̀wé pé àwọn ti rí òkú láìrí jẹ̀díjẹ̀dí. Mo bẹ̀ wọ́n.

Ìyá mi kò ṣí ìkànnì náà mọ́. Mo sọ fún wọn pé mo ti tún un ṣe, wọ́n ní àwọn gbọ́, wọ́n ní Ọlọ́run á fún mi ṣe. Àárọ̀ ni mo fi ń ka orúkọ sí wọn létí báyìí kí n tó jáde nílé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní, "N ò mọ̀ ọ́n," tàbí kí wọ́n ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹni náà. Wọ́n ní kí n mú ìwé àti bírò wá, wọ́n sì pe orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó kù láyé fún mi, orúkọ gan-an, orúkọ tí n kò gbọ́ rí láti kékeré. Àwọn méje ni. Ìyá tó ń ta kànrìnkàn, tí mo ti ń kí láràárọ̀ láti bí ogójì ọdún, orúkọ wọn dùn púpọ̀.

"Kọ tèmi náà síbẹ̀," ìyá mi wí.

"Mummy, mo mọ orúkọ yín."

"Ìwọ mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ mi ò mọ̀ ọ́n."

Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà fídáù, wọ́n ní kí n fa ọ̀rá méjèèjì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n tú èyí tó gùn, wọ́n fi ọwọ́ nà án, wọ́n tún un dì, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí fún òkú tí kò bá ní. Èkejì padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní ó ku ẹni tí yóò wẹ òun, torí ẹni tí òun ń wò ti ṣáájú òun lọ.

Mo ní, "Èmi ni màá wẹ̀ yín."

Mo rò pé wọ́n á ní rárá. Wọ́n ní kí n lọ bu omi sínú búútà, kí n rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì na ọwọ́ sí mi lórí abọ́.

"Ọ̀tún la fi ń bẹ̀rẹ̀," wọ́n wí. "Rọra. Má kánjú."

Mo da omi náà sí wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo fọ̀ ọ́ títí dé àárín ìka. Ọmọ kan pè mí lórí fóònù nítorí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Mi ò gbé e. Mo tún bu omi.